Ṣé kí olùkọ́ ìjọba fẹ̀yìntì ní ọmọ ọdún 60, àbí kó dúró dé 65?

Tíṣà Bàọ́lọ́jì:

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni mí, lábẹ́ TESCOM (àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó olùkọ́ girama). 14 oṣù Kẹta 1967 ni wọ́n bí mi, 1 oṣù Kejìlá 1993 ni mo wọṣẹ́. Wọn kì í yọ owó pẹ́ńṣọ̀n kankan nínú owó oṣù wa ní ìpínlẹ̀ tiwa.

Ọ̀rọ̀ òfin 65 àti 40 tó jáde ní 2022 (pé kí olùkọ́ lọ ní ọmọ ọdún 65 tàbí lẹ́yìn ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́) ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní gbogbo olùkọ́ ló kàn, àwọn kan ní àfi ìpínlẹ̀ tó bá gbà á. Ọjọ́ wo gan-an ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi? Bí wọ́n bá sì gbà mí láàyè kí n dúró, ṣé owó tí n ó gbà máa pọ̀ sí i, àbí iṣẹ́ lásán ni n ó máa ṣe kún un? Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Èkó, tí wọ́n ń yọ tirẹ̀ sínú RSA (àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀), ní kí n má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí n dúró. Ṣé bákan náà ni tiwa? Àwọn ìwé wo ló sì yẹ kí n ti máa kó jọ báyìí? Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́.

---

Akọ̀wé Pẹ́ńṣọ̀n:

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, mà. Ìdáhùn kan náà kò lè bá ẹ̀yin àti ẹlẹgbẹ́ yín ti Èkó mu. Ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ wà, ohun tó sì jẹ́ èrè ńlá nínú ọ̀kan lè máà fi kọ́bọ̀ kún èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọjọ́. Ìlànà àtijọ́ ni pé òṣìṣẹ́ máa lọ bó bá pé ọmọ ọdún 60 tàbí bó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá ṣáájú. Ẹ máa pé 60 ní 14 oṣù Kẹta 2027, ẹ máa pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ní 1 oṣù Kejìlá 2028. Ọjọ́ orí ló ṣáájú, torí náà 14 oṣù Kẹta 2027 ni ọjọ́ yín. Bó bá jẹ́ òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2022 ni wọ́n ń lò fún yín, ẹ máa pé 65 ní 14 oṣù Kẹta 2032, ẹ máa pé ọdún 40 ní 1 oṣù Kejìlá 2033. Ọjọ́ orí náà ló tún ṣáájú.

Àwọn tó ní kò kan gbogbo yín ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ìpínlẹ̀ ló gba olùkọ́ ìpínlẹ̀ síṣẹ́, òun náà ló ń san owó wọn, torí náà ẹ kò lè fi òfin yẹn dúró àfi bí ìpínlẹ̀ yín bá ti sọ ọ́ di tirẹ̀, tó sì ti gbé sákúlà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba, jáde lé e lórí. Ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n bá sọ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ẹ gba ẹ̀dà sákúlà náà, kí ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ wo irú àwọn tó kàn (olùkọ́ tó wà ní kíláàsì nìkan ni, àbí àwọn tó ti lọ jókòó sí ọ́fíìsì náà), kí ẹ sì wò ó bóyá ó sọ ohunkóhun nípa àtẹ ìṣirò pẹ́ńṣọ̀n. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọn kì í sábà wò, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù fún yín.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú ètò tí ẹ wà, ìjọba ló ń dá gbogbo owó náà san lẹ́yìn tí ẹ bá lọ, àtẹ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kẹfà 1992 ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá lo ọdún 5 máa gba gírátúítì (owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) nìkan, 100% owó ọdún kan. Ẹni tó bá lo ọdún 10 máa gba gírátúítì 100% àti pẹ́ńṣọ̀n 30%. Láti ibẹ̀ lọ, ọdún kọ̀ọ̀kan ń fi 8 kún ti gírátúítì, ó ń fi 2 kún ti pẹ́ńṣọ̀n, títí tó fi dé ọdún 35 tó jẹ́ 300% àti 80%. Ibẹ̀ ni àtẹ náà parí sí. Kò sí ìlà fún ọdún 36, kò sí fún 40.

Owó ọdún tí wọ́n ń fi ṣírò ni èyí tí ẹ ń gbà lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi 1,800,000 náírà ṣe é, ìyẹn 150,000 lóṣù. Bí ẹ bá lọ ní 60, ọdún 33 ló pé: gírátúítì 284%, tó jẹ́ 5,112,000 náírà, pẹ́ńṣọ̀n 76%, tó jẹ́ 114,000 lóṣù. Bí ẹ bá pé ọdún 35: 5,400,000 náírà, àti 120,000 lóṣù. Bí ẹ bá wá lọ ní 65, tí ẹ ti lo ọdún 38 àti oṣù díẹ̀, tí owó oṣù kò yí padà, tí wọn kò sì tún àtẹ ṣe, iye yẹn náà ni: 5,400,000 àti 120,000.

Nítorí náà, bí ìpínlẹ̀ yín bá ti gba 65 àti 40 wọlé, nǹkan bí oṣù 20 tó wà láàárín oṣù Kẹta 2027 sí oṣù Kejìlá 2028 lérè gidi fún yín. Ẹ dúró gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kìkì ohun tó lè mú kí owó yín lọ sókè ni kí owó oṣù fúnra rẹ̀ lọ sókè: ìgbéga, ìnkírímẹ́ǹtì, tàbí owó oṣù tuntun. Ó sì tún ku ohun kékeré kan tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ mú ọjọ́ fúnra yín, ẹ má ṣe lọ nínú oṣù Kejìlá. 1 oṣù Kìíní ni ìnkírímẹ́ǹtì ọdún máa ń wọlé. Ẹni tó bá lọ ní 31 oṣù Kejìlá ti pàdánù sítẹ́ẹ̀pù kan nínú owó tí wọ́n máa fi ṣírò gírátúítì rẹ̀ àti pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ títí ayé.

---

RSA Èkó:

Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Èkó kún un, kí ẹ lè rí ìdí tí ẹlẹgbẹ́ yín fi sọ ohun tó sọ, nítorí òun náà kò purọ́.

Láti 1 oṣù Kẹrin 2007 ni Èkó ti wọ ètò àjọdá. Òṣìṣẹ́ ń dá, ìjọba ń dá, owó náà ń lọ sínú RSA tó ní PIN tirẹ̀, PFA (ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣọ̀n) tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàn ló sì ń fi owó náà ṣòwò. Nínú òfin pẹ́ńṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ ti 2014, 8% ni ti òṣìṣẹ́, 10% ni ti agbanisíṣẹ́, ó kéré tán. Nínú ètò yìí kò sí àtẹ tó parí ní ọdún 35. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un, owó wọlé. Èlé ń gun orí owó tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún tí wọ́n máa pín owó náà sí lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì sì ń dín kù. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdúró fi ń ṣe ẹni tó ní RSA láǹfààní.

Àmọ́ òun náà ní ohun tó ń dà á láàmú. Iṣẹ́ tí olùkọ́ Èkó ti ṣe ṣáájú oṣù Kẹrin 2007 jẹ́ gbèsè lọ́rùn ìjọba. LASPEC, àjọ pẹ́ńṣọ̀n ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń ṣírò rẹ̀, wọ́n máa ń fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, owó náà á sì bọ́ sínú RSA. Kí ìyẹn tó wọlé, ìṣirò tí PFA bá ṣe kò tíì pé. Ẹni tó bá sáré gba owó kó tó wọlé máa tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn náà.

Owó tí wọ́n máa ń kó lẹ́ẹ̀kan náà tún ní òté. Òfin ní kí ohun tó bá ṣẹ́kù nínú RSA tó láti máa san, ó kéré tán, ìdajì owó ọdún tí òṣìṣẹ́ ń gbà nígbà tó fẹ̀yìntì. Ẹ wò ó dáadáa: bí owó oṣù bá fò sókè ní ọdún tó kẹ́yìn, ìdajì yẹn náà fò sókè, ohun tó máa ṣẹ́kù fún kíkó lẹ́ẹ̀kan sì lè dín kù. Ìdí nìyí tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi lè rí owó kíkó lẹ́ẹ̀kan tó kéré ju ti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, tí yóò sì rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ẹ sọ fún ẹlẹgbẹ́ yín kó gba ìwé ìsọfúnni RSA rẹ̀ látọwọ́ PFA, kó fi wé ìwé owó oṣù rẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù tí wọ́n bá yọ owó lórí ìwé tí kò sì wọ RSA, ìgbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ló rọrùn jù láti lé e. Kó sì rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà nínú RSA bá ti NIN mu, nítorí lẹ́tà kan péré tó bá yàtọ̀ lè dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Nígbà tó bá tó àkókò, ó máa yàn nínú ọ̀nà méjì. Ó lè ní kí PFA máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kí ohun tó bá kù di ti àwọn ajogún rẹ̀. Ó sì lè gbé owó náà fún ilé iṣẹ́ adójútòfò tó máa san án títí ọjọ́ ayé rẹ̀, tí ọdún 10 àkọ́kọ́ jẹ́ àmúdánilójú fún àwọn ajogún bó bá kú láàárín wọn. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ PFA lè kọjá sí ti adójútòfò lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ti lọ sí ti adójútòfò kò lè padà. Kó má jẹ́ kí aṣojú tàbí ọ̀rẹ́ kankan sáré mú un buwọ́ lu ìwé.

---

Kẹ́mísírì Lọ́jọ́:

Ẹ má bínú o, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kí màmá dúró dé 65 bí ààyè bá wà. Owó oṣù ju pẹ́ńṣọ̀n lọ. 150,000 kì í ṣe ẹgbẹ́ 120,000. Owó oṣù sì ń dé lásìkò ju gírátúítì lọ.

---

Akọ̀wé Pẹ́ńṣọ̀n:

Àbúrò, ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ tán. Lẹ́yìn ọdún 35, ẹni tó bá lọ sílé ń gba 120,000. Ẹni tó dúró ń gba 150,000, ó sì ń lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́. 30,000 ni gbogbo ohun tí iṣẹ́ oṣù kan mú wá. Ẹ yọ owó orí kúrò nínú 150,000 yẹn, kí ẹ yọ owó ẹgbẹ́ NUT àti owó ọkọ̀. Pẹ́ńṣọ̀n kò ní owó orí. Abala 210 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù nínú 30,000 náà kò pọ̀.

Gírátúítì náà ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, orí ìlà ni wọ́n ti ń san án, ọdún tí òṣìṣẹ́ lọ ni wọ́n sì fi ń tò ó. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó lọ, ó pẹ́ kó tó bọ́ sórí ìlà. 5,400,000 tí wọ́n san ní ọdún mẹ́rin sí i kò lè ra ohun tó máa rà lónìí.

Ohun tó lè mú kí ìdúró dára ni owó oṣù tuntun, mi ò sì fẹ́ fi ìyẹn ṣeré. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n tún ṣe ní oṣù Keje 2024, tó gbé e dé 70,000 náírà, ní kí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. 2027 ni èyí tó kàn, ọdún tí màmá máa pé 60 gan-an. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí owó tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, orí owó tuntun ni wọ́n ti máa ṣírò gírátúítì àti pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá lọ ṣáájú, orí owó àtijọ́ ni, ó sì kù sọ́wọ́ ìjọba láti fi kún pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀. Abala 210 yẹn náà ní kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣọ̀n yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù ṣe, èyí tó bá ṣáájú. Òfin ni, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ máa ń fi falẹ̀, gírátúítì tí wọ́n bá sì ti ṣírò tán kò ní yí padà mọ́.

Nítorí náà ìmọ̀ràn mi kò yí: bí sákúlà bá wà, ẹ dúró pé ọdún 35, kí ẹ wọ oṣù Kìíní 2029, kí ẹ wò ó bóyá owó oṣù tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí ohun tó tún kù láti dúró dè, àfi bí ìgbéga kan bá wà tí ọjọ́ rẹ̀ ti sún mọ́.

---

Fáìlì Pípé:

Mà, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ má dúró di oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn.

Ẹ wá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́, ìwé ọjọ́ tí ẹ wọṣẹ́ gan-an, lẹ́tà tó fìdí iṣẹ́ yín múlẹ̀, gbogbo lẹ́tà ìgbéga (kì í ṣe èyí tó kẹ́yìn nìkan), ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìbúra ọjọ́ orí tí ẹ fi wọṣẹ́, ìwé owó oṣù ti oṣù mélòó kan tó kẹ́yìn, NIN àti BVN. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì rí ojúlówó dì mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo fáìlì yín ní TESCOM. Ohun tó ń dá fáìlì dúró jù ni lẹ́tà ìgbéga tí kò sí nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà ìpele 12 ló sọnù, wọn kò ní gba ti 13 gbọ́ títí ẹ ó fi mú ẹ̀dà tí ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ sí wá. Èkejì ni ọjọ́ ìbí. Èyí tó wà ní fáìlì lọ́jọ́ tí ẹ wọṣẹ́ ni wọ́n máa lò. Bí NIN bá sọ ohun mìíràn, NIN ni kí ẹ lọ tún ṣe, ẹ má gbìyànjú láti yí ti fáìlì padà, nítorí ìyẹn lè di ẹjọ́. Ẹ̀kẹta ni ìsinmi tí kò ní owó oṣù. Bí ẹ bá ti gba irú rẹ̀ rí, wọ́n sábà máa ń yọ àkókò náà kúrò nínú ọdún iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣírò, kí ẹ wá mọ̀ pé ọdún 33 lè di 32.

Ẹ kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì yín ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ẹ máa mú lọ sílé. Bí owó oṣù bá ṣì ń wọ báńkì yín lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí ẹ lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kọ̀wé sí wọn lójú ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa yọ nínú gírátúítì, wọ́n sì lè dá fáìlì yín dúró títí wọ́n á fi ṣírò rẹ̀ tán. Ẹ san owó alájẹṣẹ́kù àti gbèsè ilé tàbí ọkọ̀ tán, kí ẹ gba ìwé pé ẹ kò jẹ wọ́n mọ́.

Ẹ tún orúkọ ajogún tó wà ní fáìlì yẹ̀ wò. Nínú ètò tiyín, pẹ́ńṣọ̀n ọdún márùn-ún jẹ́ àmúdánilójú: bí ẹni tó fẹ̀yìntì bá kú kó tó gbà á fún ọdún márùn-ún, ohun tó kù di ti ajogún. Orúkọ tí wọ́n bá rí ní fáìlì ni wọ́n máa pè, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tí ẹ kọ ní 1993.

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì:

Ẹ ṣeun gan-an, ojú mi ti là sí i. Ìbéèrè kan ló kù. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ mi, ìpínlẹ̀ mìíràn ni. Oṣù Kejìlá 1998 ni mo dé ìpínlẹ̀ tí mo wà báyìí, mi ò sì dá iṣẹ́ dúró láàárín rẹ̀. Ṣé ìyẹn yí ohunkóhun padà?

---

Akọ̀wé Pẹ́ńṣọ̀n:

Ó lè yí gbogbo rẹ̀ padà, mà. Bóyá ẹ dá iṣẹ́ dúró kọ́ ni wọ́n máa wò. Wọ́n máa wò ó bóyá ńṣe ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ yọ̀ǹda yín tí èkejì sì gbà yín pẹ̀lú ọdún iṣẹ́ yín, àbí ńṣe lẹ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ gba ìwé iṣẹ́ tuntun, kó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kejì.

Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, 1993 dúró, gbogbo ohun tí mo kọ lókè dúró. Àmọ́ ìpínlẹ̀ méjèèjì ló máa pín owó náà san ní ìwọ̀n ọdún tí ẹ lò lọ́dọ̀ wọn, ìpín ti ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń pẹ́. Ẹ ti máa béèrè fún àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín níbẹ̀ báyìí, nígbà tí ẹni tó mọ ibi tí fáìlì 1993 wà ṣì ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ti èkejì, 1 oṣù Kejìlá 1998 ni iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ lójú ìpínlẹ̀ tí ẹ wà. Ní 60, ọdún 28 péré lẹ máa ní: gírátúítì 244%, pẹ́ńṣọ̀n 66%, tó jẹ́ 99,000 lóṣù nínú àpẹẹrẹ wa. Ní 65, ẹ ó ti lo ọdún 33: 284% àti 76%. Ìmọ̀ràn mi yí padà pátápátá nìyẹn, nítorí ọdún kọ̀ọ̀kan dé 65 ló ní ìlà tirẹ̀ lórí àtẹ, a jẹ́ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ẹlẹgbẹ́ yín ti Èkó sọ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ wo lẹ́tà 1998 yẹn lálẹ́ òní. Bó bá sọ pé wọ́n gbé iṣẹ́ yín wá láti ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì mẹ́nu ba ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọṣẹ́, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí TESCOM kí wọ́n fi sí fáìlì. Bó bá kà pé ìgbanisíṣẹ́ tuntun ni, ẹ kọ̀wé béèrè fún ìsopọ̀ ọdún iṣẹ́ kí ọdún yìí tó parí, kí ẹ so lẹ́tà ìyọ̀ǹda ti ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ ọn bó bá wà lọ́wọ́ yín.